Ẹ̀rín Ìyàwó Mi Tó Wà Nínú Orin Wọn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Èmi kì í sábà kọ irú nǹkan báyìí síbí. Láti ìgbà tí Fọláṣadé, ìyàwó mi, ti kú, mo kàn máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá kí mi ni, màá sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n èyí kọjá ohun tí mo lè dá nìkan rò.

Òjòwú ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó tó di pé ẹ rí i fúnra yín. Ta ló ní obìnrin nìkan ló ń jowú?

Kí n tó mọ Fọláṣadé, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó kọrin nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Àrá Ẹ̀ẹ̀rùn. Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ, irú èyí tí gìtá ń ké bí ẹni tí iná jó, tí àwọn ará ilé kejì kì í sì í lè sùn. Ó sọ fún mi nígbà tí mò ń fẹ́ ẹ pé òun ti bá àwọn ọmọkùnrin kan kọrin rí. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ilé kan tó gbé rí tí òjò ti wó. N kò bèèrè síwájú. Nínú ilé wa ní Ọ̀yọ́ níhìn-ín, orin ìsìn nìkan ló ń kọ, jẹ́jẹ́ ló sì ń kọ ọ́, nígbà tó bá ń ṣa ẹ̀wà.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, ọkùnrin kan pè mí lórí fóònù, ó ní òun fẹ́ wá kí mi. Ràṣídì lorúkọ rẹ̀. Ó ń tún fóònù ṣe ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òun ló ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ náà.

Ó dé, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú arafẹ́rakù, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere."

Mo jù ú lọ dáadáa, àmọ́ "ẹ" ni mo fi bá a sọ̀rọ̀. Ẹ jókòó. Ẹ mu omi. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé àlejò ni nínú ilé yìí.

Ó wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ náà ń kó àwọn orin wọn àtijọ́ jọ sínú àwo kan ṣoṣo: èyí tí wọn kò gbé jáde rí, èyí tí wọ́n kàn fi dánra wò nínú yàrá, àti èyí tí ẹnìkan fi rédíò kásẹ́ẹ̀tì gbà sílẹ̀ láàárín èrò nígbà tí wọ́n ń ṣeré. *Ohun Tó Kù* ni wọ́n fẹ́ pe àwo náà. Ohùn Fọláṣadé wà nínú mẹ́rin lára wọn. Ó ní bí ẹbí kò bá fọwọ́ sí i, àwọn kò ní gbé e jáde.

"Wọ́n mọ orin kọ, sà," ló wí. "Ṣadé? Bó bá gbé ohùn sókè, àwa tá a ní iná mànàmáná lọ́wọ́ gan-an, a máa ń sá sẹ́yìn ni."

Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "wọ́n", ó sì parí sí "ó". Ṣadé. Èmi gan-an kì í pè é ní Ṣadé. Màmá Tọ́pẹ́ ni mò ń pè é, Dádì Tọ́pẹ́ lòun náà sì ń pè mí, láti ìgbà tí a ti bí ọmọ wa.

Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́. Orin àkọ́kọ́ wọlé, mo fara dà á. Ohùn ọmọdébìnrin kan ni, ó le, ó mú bí abẹ. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹlòmíràn ni.

Kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ ọ tó sọ̀rọ̀. "Ràṣí, ṣé o ti ṣetán, àbí o ṣì ń fa gìtá yẹn létí?"

Ràṣí! Ẹ gbọ́ mi ná, ṣé ó yẹ kí orúkọ ọlọ́rúkọ máa dunni tó báyẹn?

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin náà. Ó fa ìlà orin kan títí ó fi gùn bí ọ̀nà oko, bó sì ṣe gbé e délẹ̀, ewúrẹ́ kan ké láti ẹnu ọ̀nà. Gbogbo wọn dákẹ́. Ohùn ọkùnrin kan wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ má lé e o. Òun nìkan ló bọ́ sí kíì orin yìí nínú gbogbo wa."

Ìyàwó mi sì bú sẹ́rìn-ín.

Báwo ni kí n ṣe ṣàlàyé rẹ̀? Ó kọ́kọ́ fẹ́ pa á mọ́ra, ó gba imú jáde. Ó kọlu nǹkan, nǹkan ọ̀hún ṣubú. Ó ní, "Ràṣí, Ọlọ́run máa dá ẹ lẹ́jọ́," ó sì tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Nínú ilé mi, ọwọ́ ló máa ń fi bo ẹnu bó bá ń rẹ́rìn-ín. Mo gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Gbogbo ìgbà tá a fi gbé pọ̀, n kò gbọ́ ẹ̀rín yìí lẹ́ẹ̀kan. Ṣé èmi ni n kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín ni?

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni, "Ta ló ni ewúrẹ́ yẹn?"

"Ìyá onílé wa ní àdúgbò Under G ni, sà. Pálọ̀ wọn la ti ń dánra wò."

"Kí ló padà ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Wọ́n pa á nígbà Iléyá."

A jọ dákẹ́ fún ewúrẹ́ náà díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo sọ ohun tí mo fẹ́. Mo ní wọ́n lè lo orin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, n kò gba kọ́bọ̀. Àmọ́ kí wọ́n gé ẹ̀rín yẹn kúrò, kí wọ́n fún èmi nìkan.

Ó wò mí. "Ẹ̀rín yẹn gan-an làwọn èèyàn máa fẹ́ràn jù, sà."

Mo ní ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Tiyín ni, ẹ̀gbọ́n," ó kí mi, ó sì lọ wọ ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó fi nǹkan méjì ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù: orin náà láìsí ẹ̀rín, àti ẹ̀rín náà láìsí orin.

Inú mi dùn bí ẹni tó jàre ní kóòtù. Mo tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn ohùn rẹ̀ tó wà lórí fóònù mi, àwọn tó ti ń sọ pé kí n ra epo bọ̀, pé kí n má gbàgbé gáàsì. Ní àràárọ̀, kí n tó wẹ̀, màá tẹ ẹ̀rín náà. Mo máa ń ro ti Ràṣídì ní Takie, pé kò ní ẹ̀tọ́ sí èyí mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ pé kò dáa. Síbẹ̀, mo ṣe é.

Tọ́pẹ́, ọmọ wa, wá kí mi ní òpin ọ̀sẹ̀. Mo fẹ́ fi ta á lọ́rẹ. Mo ní kó jókòó, mo tẹ ẹ̀rín náà fún un.

Ó fi ọwọ́ kan àyà. "Mọ́mì lèyí?"

"Òun ni."

"Kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín tó báyìí?"

Mo ní nǹkan kan ni.

"Nǹkan wo, Dádì?"

"Ewúrẹ́ ni."

"Ewúrẹ́ ṣe kí ni?"

Olùkọ́ ni mí títí tí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò sì tíì rí ohun tí n kò lè ṣàlàyé. Mo ní ewúrẹ́ kan ké, ọ̀gbẹ́ni kan sì sọ pé ewúrẹ́ náà bọ́ sí kíì. Tọ́pẹ́ wò mí bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe máa ń wò mí bí mo bá dápàárá. "Ó dùn, sà," ló wí.

Ó ní kí n tún un tẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú rẹ̀ yí padà. "Ó ń bà mí lẹ́rù díẹ̀, Dádì. Ó dà bíi pé inú ilé òfìfo ni wọ́n wà. Ta ni wọ́n ń bá rẹ́rìn-ín?"

Nígbà náà lèmi náà gbọ́ ọ. Kò sí pálọ̀ mọ́, kò sí ewúrẹ́, kò sí ọ̀rẹ́. Mo ti dá obìnrin náà jókòó sínú òkùnkùn, mo ní kó máa rẹ́rìn-ín fún mi.

Mo pe Ràṣídì lójú Tọ́pẹ́. "Ràṣídì, dá a padà."

"Kí ni, sà?"

"Ẹ̀rín yẹn. Dá a padà síbi tó wà, kí ewúrẹ́ ṣáájú, kí ohun tí o sọ tẹ̀ lé e."

"Mo ti fẹ́ yọ ohùn tèmi kúrò, ẹ̀gbọ́n. Mo rò pé..."

"Bí o bá yọ tìẹ, kí ló máa rí rẹ́rìn-ín sí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn nira fún mi sọ ju ohun tí mo sọ níbi ìsìnkú lọ. Ràṣídì ní òun á dá a padà. Mo gbọ́ tó fọn imú.

Àwo náà ti jáde báyìí. Ní ọjọ́ kan tí mo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo ń sọdá ní Takie, ewúrẹ́ kan ké nínú àpò ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí. Wọ́n ní káwọn èèyàn má lé e o. Ìyàwó mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láàárín ọjà. Ọmọkùnrin náà ti fi ṣe ohùn ìpè fóònù rẹ̀. Ó ń wá fóònù náà káàkiri ara, mo dúró. Bó ṣe rí i, ó gbé e, ó ní, "Mo ti wà lọ́nà, jàre." Ẹ̀rín náà dá. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó má tètè máa gbé e.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Owú náà kò tíì lọ, n kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé èyí tí a bá gé sọ́tọ̀ lára òkú ẹni, pé kó lè jẹ́ tiwa nìkan, kì í pẹ́ sọnù mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ọkọ tàbí aya, ṣé ẹlòmíràn wà tó mọ̀ wọ́n ní ọ̀nà tí ẹ̀yin kò fi mọ̀ wọ́n? Báwo lẹ ṣe bá onítọ̀hún ṣe é? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, bó tilẹ̀ gùn. Ilé dákẹ́, mo ráyè kà á.