Ọ̀wẹ̀ Àna Nínú Ọgbà Labalábá

Ẹ̀yìn ilé mi ní Ṣakí kì í ṣe ibi tí èèyàn ń fi yangàn. Àwọn aládùúgbò mi a máa gbálẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi máa dán. Èmi ní tèmi jẹ́ kí bomubomu ga tó mi léjìká, mo jẹ́ kí yúnyun tan òdòdó rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bó ṣe wù ú, imí-eṣú sì bo ìdí igi ọsàn. Oògùn tí ń pa koríko kò débẹ̀ rí, oògùn tí ń pa kòkòrò náà kò débẹ̀. Ìgbẹ́ màlúù tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ni mo fi ń bọ́ ilẹ̀ náà. Aládùúgbò mi kan, àgbẹ̀ paraku, a máa yọjú wò ó, a ní, "Tíṣà, labalábá fi ara rẹ̀ wẹ́yẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Ẹ fi iṣẹ́ oko sílẹ̀ fún wa o, kí ejò má baà gba ilé yìí mọ́ yín lọ́wọ́." Mo máa ń dá a lóhùn pé bí ejò bá dé, n ó kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti kírun.

Labalábá ni mo ń sìn níbẹ̀. Èmi àti ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo la dá ọgbà náà sílẹ̀ lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Ọmọdé ni nígbà náà, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó rí kòkòrò abilà kan tó ń jẹ ewé bomubomu, ewé tí àwọn obìnrin Fúlàní fi ń mú wàrà dì, ó sì ní kí n má pa á. A jọ ń ṣọ́ ọ títí ó fi so rọ̀ sábẹ́ ewé, tó sé ara rẹ̀ mọ́lé, tó sì jáde ní labalábá. Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò sì tíì dákẹ́ dòní. Òun ló kọ́ mi pé ẹni tó bá fẹ́ labalábá gbọ́dọ̀ gbà kí kòkòrò jẹ ewé rẹ̀ ní àjẹyó.

Nígbà tó wá sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé òun ti rí ẹni tí òun máa fẹ́, àyà mi já. Ọmọ Ìgbòho ni, ó ń gbin iṣu àti àgbàdo. N kò rí àléébù kankan lára rẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì bí mi nínú. Bí ọmọ mi bá lọ, ta ni n ó máa bá sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí? Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ olórí ẹbí wa, pé kí wọ́n ní sùúrù, pé mo ṣì ń rò ó. Mi ò rò ó rárá. Mo kàn ń falẹ̀ ni.

Ọkùnrin náà gbọ́ pé bàbá ìyàwó kò tíì fèsì. Ó ṣe ohun tí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ń ṣe lọ́dọ̀ wa: ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n wá ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna. Ó fẹ́ kó bá mi lójijì, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti lọ kí ìbátan wa kan ní Ìsẹ́yìn, ọmọ mi wà níbi iṣẹ́. Aládùúgbò mi ló fi ẹ̀yìn ilé hàn wọ́n, tayọ̀tayọ̀.

Nígbà tí mo fi máa dé, ẹ̀yìn ilé mi mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kò sí bomubomu, kò sí yúnyun. Wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ jọ, wọ́n ti dáná sun ún. Wọ́n tilẹ̀ ti ṣa kòkòrò ara igi ọsàn kúrò. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, òógùn ń já bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. A ní ká bá yín tún ibí ṣe díẹ̀ ni."

"Ẹ kú iṣẹ́," ni mo wí. Kí ni n bá tún wí? A kì í bá ẹni tó ṣe ọ̀wẹ̀ fúnni jà, a kì í sì í jẹ́ kó fi ebi relé. Mo bẹ ìyàwó aládùúgbò mi kó bá wa gúnyán. Mo jókòó ti àwọn tó run ọgbà mi, wọ́n ń jẹ iyán, mo ń ṣàdúrà fún wọn. Bí wọ́n ti lọ tán, mo wọ yàrá, mo sunkún.

Ọmọ mi dé, ó wo ẹ̀yìn ilé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ṣé ẹ bú u?"

"Mi ò bú u."

"Bàbá, ẹ ò ní jẹ́ kí n fẹ́ ẹ mọ́, àbí?"

Mo mọ̀ pé àwáwí tí mo ti ń wá ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó dìde, ó wọlé, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, bí mo ti ti mọ́ṣáláṣí dé, ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Ọkùnrin náà ló wà lẹ́yìn rẹ̀, òun nìkan, ó gbé ike kan mọ́ àyà, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lórí. Ọlọ́kadà ń ráhùn pé láti Ìgbòho ló ti ń kìlọ̀ fún òun pé kí òun máa rọra, pé ìjàpá ì bá ti ya àwọn sílẹ̀. Ọkùnrin náà gbé ike náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́ kó tó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. N ò mọ̀ ni. Ọmọ yín ti ṣàlàyé fún mi. Mo ti bá yín wá òmíràn."

Mo ṣí aṣọ náà. Àwọn kòkòrò ń fà lórí ewé àgbàdo tútù, wọ́n sanra, wọ́n ń jẹun lọ ní tiwọn. Lójú ẹsẹ̀ ni mo dá wọn mọ̀. Àwọn tó ń ba àgbàdo jẹ́ ni, àwọn tí gbogbo àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ń gbé ṣépè lójoojúmọ́. Àfòpiná lásán ni wọ́n ń dà.

"Níbo lo ti rí wọn?"

"Nínú oko mi ni, bàbá. Mo máa ń pa wọ́n tẹ́lẹ̀ ni." Ó wo ojú mi. "Àwọn tó sanra nìkan ni mo ṣà wá."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rín in títí omi fi ń bọ́ lójú mi, òun sì ń wò mí, kò mọ̀ bóyá kóun dìde ni àbí kóun tún dọ̀bálẹ̀. Mo fà á dìde. Mi ò sọ ohun tí àwọn kòkòrò náà jẹ́ fún un. Mo gba ike, mo dúpẹ́, mo wọlé lọ pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, mo ní kí wọ́n dá ọjọ́ ìdána. Wọ́n bi mí ohun tó yí mi lọ́kàn padà. Mo sọ fún wọn.

"Kòkòrò àgbàdo?" ni wọ́n wí. "Láti Ìgbòho?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sí èyí tó kú nínú wọn. Mo ní ẹni tó lè rọra gbé ọ̀tá oko ara rẹ̀ rìn báyẹn, torí ó rò pé mo fẹ́ràn wọn, kó máa bọ̀ wá mú ọmọ mi.