Ẹni Tó Bá Mi Ti Kẹ̀kẹ́ Gun Òkè

Ẹ má bi mí bóyá mo mutí lọ́jọ́ náà. Mùsùlùmí ni mí, mi ò kì í mutí, oòrùn sì ti yọ dáadáa. Ojú ọ̀nà Amlamé ló ti ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ojú mi báyìí ló sì ṣe. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kó máa lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ni mò ń sọ ọ́ fún torí pé ẹ ò mọ̀ mí. Ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ń gbé ní Atakpamé níbí, ilé rẹ̀ ò jìnnà sí tèmi. Mi ò tíì lè sọ ọ́ fún un.

Nígbà náà, kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Làmídì la jọ ń fi kẹ̀kẹ́ kiri ọjà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí wa ti wá, ṣùgbọ́n Atakpamé ni wọ́n bí àwa sí. A jọ lọ ilé kéwú, a jọ kọ́ òwò. Iyọ̀ là ń tà, ìṣáná, aṣọ díẹ̀, àti àwo tánganran tí àwọn obìnrin abúlé fẹ́ràn bí ojú. A ó di gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, a ó forí lé àwọn abúlé orí òkè tí wọ́n ti ń gbin kọfí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń gun òkè, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kẹ̀kẹ́ tó ru iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gùn ún gòkè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń gbé kẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ẹnì kan á di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú níwájú, á máa fà á, ẹnì kejì á máa ti ẹrù látẹ̀yìn. Ẹni iwájú ò gbọ́dọ̀ wẹ̀yìn. Tó bá yíjú pẹ́nrẹ́n, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á yí, ẹrù á sì wó lu ẹni tó wà lẹ́yìn. Tí kẹ̀kẹ́ kìíní bá ti dókè, àwa méjèèjì á tún sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé ìkejì. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, tèmi la kọ́kọ́ gbé. A dókè, Làmídì nu òógùn ojú, ó ní, "Ó yá, jẹ́ ká lọ gbé tèmi."

Àwọn obìnrin abúlé ti rí wa, wọ́n ti ń bọ̀. Ìgbà ìkórè kọfí ni, kálukú fẹ́ kọ́kọ́ mú àwo tó dáa. Mo ní, "Máa lọ, mò ń bọ̀."

Mi ò lọ. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mi ò lọ. Mò ń tajà. Mò ń bá wọn ṣàwàdà, mò ń gbé àwo sókè fún wọn kó máa dán nínú oòrùn, mò ń sọ lọ́kàn ara mi pé kó ní sùúrù díẹ̀, kí ló ń lé e.

Làmídì á ti rò pé mo wà lẹ́yìn òun. Ó di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á bọ̀ ní òun nìkan. Kẹ̀kẹ́ náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fà á padà, ó gbé òun àti àpò iyọ̀ méjì sínú kòtò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àwọn àgbẹ̀ ló rí i. Nígbà tí wọ́n fi wá pè mí, ara rẹ̀ ti tutù. Àpò iyọ̀ kan ṣì wà lórí àyà rẹ̀.

A gbé e délé. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí ẹní, kò sunkún. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí. Ó ní, "Ṣé òun nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí bọ́?"

Mo ní, "Rárá, Ìyá. Mo wà níbẹ̀. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi, mo pe Lá ìláhà sí i létí."

Ìyá ní, "Alihamudulilai." Ìgbà yẹn ló tó wá sunkún.

Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn náà, èmi nìkan ni mo tún ń lọ lọ́nà yẹn. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku bo gbogbo ewé. Mo ti dín ẹrù mi kù, torí kò sẹ́ni tó máa bá mi tì í. Síbẹ̀, mo dé ìdajì òkè, apá mi ò ká a mọ́. Kẹ̀kẹ́ ń fà mí padà. Mo mọ̀ pé bó ṣe ṣe Làmídì gan-an nìyí.

Ṣàdédé ni ẹrù náà fúyẹ́.

Ẹnì kan ń bá mi tì í látẹ̀yìn. Mo rò pé àgbẹ̀ tó ń kọjá ni. Mo ní, "Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á san án fún yín." Mi ò wẹ̀yìn, mo ti sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Mo kàn ń gbọ́ bí onítọ̀hún ṣe ń mí gúlegúle.

A dé ibi tí ọ̀nà ti yà. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹlòmíì gbọ́: "Bisimilai. Fà á sápá ọ̀tún, òkúta wà níbẹ̀."

Ohun tí Làmídì máa ń sọ nìyẹn, ní ibẹ̀ yẹn gan-an, ní gbogbo ìgbà tí a bá gba ibẹ̀ kọjá.

Orí mi wú. Ẹ gbà mí gbọ́, mo fẹ́ sá. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, orí ẹni tó wà lẹ́yìn ló máa wó lé, mo sì ti ṣe é báyẹn lẹ́ẹ̀kan. Mo ń fà á lọ, omi ń bọ́ lójú mi.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká dókè, ó rọra bi mí pé, "Kí lo sọ fún ìyá mi?"

Mo ní, "Mo ní mo wà níbẹ̀."

Ó bá mi ti kẹ̀kẹ́ náà dé ibi tó tẹ́jú pátápátá kó tó yọwọ́. Ì bá tì mí sínú kòtò, ì bá sàn fún mi. Iṣẹ́ tirẹ̀ ló ṣe parí, bó ṣe máa ń ṣe é.

Mo wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìyá àgbà kan yọ láti ìsàlẹ̀, ó ru igi ìdáná. Ọmọ Ifẹ̀ ti agbègbè wa níbí ni, èdè wọn sún mọ́ tiwa, a sì gbọ́ ara wa. Mo kí i, mo bi í bóyá ó pàdé ẹnikẹ́ni.

Ó ní, "Ṣebí ẹni tó bá ọ ti kẹ̀kẹ́ ni? Ó ti sọ̀ kalẹ̀. Ó ní òun ń lọ gbé ẹrù tòun. Ó bi mí bóyá ọ̀rẹ́ òun ń bọ̀ lẹ́yìn."

Mo ní, "Kí lẹ wá sọ fún un, Ìyá?"

"Mo gbójú sókè, mi ò rí ọ. Mo ní o ò tíì máa bọ̀."

Mo ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Mò ń pè é bí mo ṣe ń sáré, mò ń sọ pé mo ti dé. Mo dé ìsàlẹ̀, kò sí kẹ̀kẹ́, kò sí èèyàn. Mo jókòó sẹ́bàá kòtò náà títí oòrùn fi yẹ̀. Ẹkún tí mi ò sun níbi ìsìnkú rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti sun ún.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo gba ilé ìyá Làmídì lọ tààrà. Mo ti pinnu láti sọ òótọ́. Ìyá fún mi lómi, ó jókòó tì mí. Kí n tó lanu, ó ní, "Ọmọ mi, nǹkan kan wà tí mi ò tíì bi ọ́. Nígbà tí o pe Lá ìláhà sí i létí, ṣé ó lè pè é tẹ̀lé ọ?"

Mo wo ojú rẹ̀. Ó ti ń fẹ́ béèrè rẹ̀ láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti kú, ẹ̀rù ìdáhùn ló sì ń bà á.

Mo ní, "Ó pè é, Ìyá. Ketekete ló pè é."

Ara Ìyá balẹ̀. Mo rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe wálẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣe àdúà pé Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí èmi náà kú ní èmi nìkan. Ẹnu mi ò lè ṣe Àmín.

Mo ṣì ń gun òkè yẹn. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bá mi ti kẹ̀kẹ́ mọ́. Tí mo bá dókè, mi ò kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn, mo máa ń gbé kẹ̀kẹ́ ti igi, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ padà, mo máa ń dúró níbẹ̀. Kò wá rí. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti rí ẹrù rẹ̀ gbé dókè, tàbí ó ṣì ń wò mí bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ẹlòmíì gun òkè, tó bá ti bá yín gbé tiyín dókè, ẹ tètè padà sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọjà máa lọ. Tí ẹ ò bá wá padà, ẹ má purọ́ tó dáa fún ìyá rẹ̀, torí ìyá á di irọ́ náà mú, ẹ ò sì ní lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.