Ata Ojú Fèrèsé

Mo ń kọ ebè lọ́wọ́ lóko wa lẹ́yìn Ẹkinrin-Àdè nígbà tí ojúgun mi ọ̀tún dédé gbóná, bí ẹni pé wọ́n fi ẹyín iná sínú eegun. Mo wò ó títí, n kò rí ojú egbò kankan. Mo tún gbé ọkọ́ mi, nítorí àgbẹ̀ tó bá ń gbọ́ ti gbogbo ìrora kò ní jẹ iṣu. Kí ọjọ́ ọjà tó kò, ibà ti dá mi dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì wú débi pé bí aṣọ bá kàn án, màá ké.

Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé wa lọ sí ọsibítù ní Ẹ̀gbẹ́. A jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn abiyamọ àti àwọn tó ń wúkọ́. Ìyàwó mi, Ìyá Olú, gbé ẹsẹ̀ mi lé itan rẹ̀. Dókítà ní ọyún ló wà nínú eegun. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tó bá lè kàn lọ́la: kòkòrò àìsàn máa ń gba inú ẹ̀jẹ̀ dé mùdùnmúdùn, eegun á wá máa jẹrà láti inú nígbà tí òde rẹ̀ ṣì ń dán. Wọ́n la ẹsẹ̀ náà, wọ́n fa ọyún rẹ̀, wọ́n ń gún mi lábẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì títí ìdí mi kò fi ṣeé fi jókòó. Lẹ́yìn náà wọ́n fi símẹ́ńtì funfun di í láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀, kí eegun tó ti rọ̀ má bàa ṣẹ́. Mo bi dókítà bóyá màá tún kọ ebè láyé mi. Ó ní òun kò lè sọ.

Bí yàrá mi nílé ṣe di ẹ̀wọ̀n fún mi nìyẹn. Láàárọ̀ ni mo máa ń gbọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń kí ara wọn lóde, "Okun o! Okun o!", bí wọ́n ti ń kọjá lọ sóko, inú á sì máa bí mi sí gbogbo ẹni tó ní ẹsẹ̀ méjì. Lábẹ́ símẹ́ńtì, ara ń yún mi níbi tí ọwọ́ kò tó. Mo jágbe mọ́ Ìyá Olú pé omi gbóná jù. Ó bu òmíràn wá, mo ní ó tutù jù.

Lọ́jọ́ kan ó gbé báàfù erùpẹ̀ kan wọlé, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Bàbá Olú, ẹ gba oko yín, kí ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀."

Kí ni àgbẹ̀ máa ṣe? Mo kọ ebè sínú báàfù, ebè gidi tó ga sókè, mo ri iṣu èbù sí i, mo sì ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́. Báàfù kò ní ihò tí omi lè gbà jáde. Iṣu náà rà, òórùn rẹ̀ gba yàrá. Ìyá Olú rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ó wá mú ìkòkò ọbẹ̀ tí ìdí rẹ̀ ti lu, ó da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀, ó po ilẹ̀ ààtàn mọ́ erùpẹ̀ oko, ó fọ́n èso ata sí i. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú oko yìí, ohun tó wà ńbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ: kí omi rọ́nà jáde, kí ìmọ́lẹ̀ rọ́nà wọlé, kí o sì fi ìka kan erùpẹ̀ kó o tó tún bomi sí i. Nígbà tí ata náà hù, mo rí ohun tí mo ń jí wò. Mi ò jágbe mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ewé rẹ̀ ń ṣá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, ó ń na ọrùn síbi ìmọ́lẹ̀, ni Ìyá Olú bá gbé e lọ sójú fèrèsé lódìkejì yàrá. Ara rẹ̀ yá níbẹ̀. Èmi ṣì wà níbi tí mo wà.

Nígbà tó yá, a padà sí ọsibítù, wọ́n gé símẹ́ńtì náà kúrò. Ẹsẹ̀ tó jáde níbẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ti san." Ẹ̀rù bà mí, n kò tẹ̀ ẹ́. Mo ń fi ọ̀pá àti ẹsẹ̀ kan tiro kiri, mo sì ń padà sórí ibùsùn.

Àwọn ẹgbẹ́ mi bá dá ọ̀wẹ̀, wọ́n ní àwọn máa bá mi kọ ebè ọdún náà. Bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa, ẹni tí a bẹ ọ̀wẹ̀ fún ni yóò bọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Mo dùbúlẹ̀, mo ń sunkún pé wọ́n ń ro oko mi bí oko òkú.

Ìyá Olú pariwo láti ìdí odó, "Bàbá Olú! Ata ò tó o. Ẹ bá mi já tiyín wá!"

"Wá já a fúnra rẹ."

"Iyán ni mò ń gún!"

Kò dá ọmọ odó dúró. Mo fi ọ̀pá àti ẹsẹ̀ kan tiro dé ojú fèrèsé. Ọwọ́ kan gbé igbá, ọwọ́ kan ń já ata, n kò wá rí ọwọ́ di ọ̀pá mú, ni mo bá fi í ti ògiri. Igbá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kí n tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ méjèèjì ni mo fi dúró. Ìró odó ti dákẹ́. Ìyá Olú dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, omijé ń dà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ata kún orí ọlọ bámú.

Àwọn ẹgbẹ́ mi jẹun nírọ̀lẹ́, wọ́n ń fẹ́ ẹnu fòò. "Ata oko ta lèyí?" Mo ní oko mi ni.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kúrú díẹ̀ sí òsì báyìí, ó sì máa ń ro mí bí òjò bá ṣú. N kò bá a jà. Ara tó gbé mi dé ìdí ebè padà, ọpẹ́ ni mo jẹ ẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti àwọn tó fa ọyún náà jáde. Ní ti Ìyá Olú, títí di òní olónìí, ó ṣì ń sọ pé ata ò tó lọ́jọ́ náà.