Yàrá Tó Kọjú sí Okun

Bí àwọn ará ilé bá ń sọ̀rọ̀ olóògbé Bàbá Onítìmùtìmù, ọ̀rọ̀ okùn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dá sílẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú etí òkun ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò sì fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀: "Gbogbo yara wa lo koju si okun." Bàbá kà á sókè fún ìyàwó rẹ̀, ó fa "òkun" náà gùn títí. Ìgbà tí wọ́n débẹ̀ tí wọ́n ṣí fèrèsé, okùn ìsáṣọ ni wọ́n rí, aṣọ bẹ́ẹ̀dì tútù ló kún orí rẹ̀ láti ògiri dé ògiri.

"Ọmọ mi, òkun dà?" Bàbá bi ọmọbìnrin tó ń gba àlejò.

"Òkun kẹ̀, bàbá? Okùn la kọ. Àwọn àlejò máa ń béèrè ibi tí wọ́n á sá aṣọ sí."

Ìyàwó Bàbá ti ń rẹ́rìn-ín sínú ọwọ́. Bàbá ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó bọ́ síta, ó di okùn náà mú, ó fà á wò. Okùn já, gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọ́ sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ rí i?" ó ní. "Okùn gan-an ò dáa."

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Àga onítìmùtìmù ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Ó mọ ohun tí wọ́n ń kì sábẹ́ aṣọ tó ń dán, kò sì gba aṣọ tó ń dán gbọ́ mọ́. Tó bá wọ òtẹ́ẹ̀lì, kì í wo òdòdó, kì í wo gíláàsì. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ń lọ tààrà. Á dùbúlẹ̀, á wá ní kí ẹni tó mú un wọlé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kó sì dìde lójijì.

"Torí kí ni, sà?"

"Ìyàwó mi máa ń dìde lóru. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá màá bá a dìde."

Máníjà kan tó sanra gbà láti jókòó. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kán. Bàbá dìde nílẹ̀, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà pé ó sòótọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ni gbogbo èyí ń dùn. Orúnkún rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, kò lè rin inú yanrìn mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ láyé: kó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kó máa wo òkun. Bàbá sì ti ṣèlérí. Àmọ́ bí wọ́n bá ti dé ìlú náà, ẹ̀fọn á wà ní òtẹ́ẹ̀lì kan, ilẹ̀kùn á máa ké ní òmíràn, ilẹ̀ á ṣú, wọ́n á wọkọ̀ padà sílé.

"Ẹni bá fara balẹ̀ pa èèrà, á rí ìfun inú rẹ̀," Bàbá á ní.

"Ṣé ìfun èèrà ni mo bá yín wá wò ni, Bàbá wa? Òkun ni mo fẹ́ rí!"

Nígbà tí wọ́n lọ kẹ́yìn, àìsàn ti wọ Bàbá lára, ó ti rù. Kó tó la ẹnu ní òtẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ tí wọ́n yà sí lọ́jọ́ náà, ìyàwó ti gba kọ́kọ́rọ́.

"A ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò!"

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní fèrèsé."

Àárín bẹ́ẹ̀dì náà ti jìn, fóòmù ń yọjú létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkun kún ojú fèrèsé bámúbámú. Ẹ̀rù ń ba ìyàwó pé ọkọ òun á ní kí wọ́n dìde. Bàbá fọwọ́ tẹ bẹ́ẹ̀dì, ó la ẹnu, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì pa ẹnu dé.

"Jẹ́ n kọ́kọ́ nà díẹ̀," ó ní, "kí n tó sọ tẹnu mi."

Ó kẹ̀yìn sí òkun, ó sùn lọ. Ìyàwó gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó fẹ́ jí i kí wọ́n jọ wò ó. Ó wá rántí pé láti ìgbà tí àìsàn náà ti dé, ọkọ òun ò tíì sun irú oorun bẹ́ẹ̀. Kò jí i. Ó kàn fi ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà tí Bàbá fi kú. Báyìí, bí àwọn ọmọ-ọmọ bá bi ìyá àgbà pé báwo ni òkun ṣe rí, á ronú díẹ̀.

"Omi pọ̀," á ní. "Omi pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ gbọ́ bí bàbá yín ṣe hanrun lọ́jọ́ náà!" Á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àárò ẹ̀ ń sọ mí, ẹ̀yin ọmọ yìí. Àárò ẹ̀ ń sọ mí."