Àpótí Asọ̀rọ̀mágbèsì Pá Festus

"Bí mo bá wá yí ọkàn padà ńkọ́?"

Ìbéèrè tí Pá Festus, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ní Ayọ̀bọ̀, bi Sìdíkátù Sàlàkọ́ nìyẹn, lọ́jọ́ tó gbé àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì àtijọ́ wá bá a ní Ìdímù.

Alágbàtà ni Sìdíkátù. Ó máa ń gba ohun àtijọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kámẹ́rà, owó ẹyọ, aago ògiri, á ya fọ́tò wọn, á sì lù wọ́n ní gbàǹjo lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́ yìí. Fóònù rẹ̀ àti àṣìṣe rẹ̀ ló kọ́ ọ. Kì í sì í gba ọjà láìkọ́kọ́ sọ àdéhùn.

"Nínú náírà márùn-ún, ọ̀kan ni tèmi, bàbá. Iye tí ẹ bá dá lé e, mi ò ní tà á níye tó kéré sí i. Bí kò bá tà, ẹ ò jẹ mí ní nǹkan kan. Bí ẹ bá yí ọkàn padà, ẹnu ara yín ni kí ẹ fi sọ fún mi kí gbàǹjo tó parí. Mi ò ní gbà á lẹ́nu ọmọ, mi ò ní gbà á lẹ́nu ìyàwó."

"Ó dáa. Èyí tí mo gbé wá yìí, sísọ ló mọ̀, kì í gba èsì. Ìwọ ṣá máa gba tèmi."

Wáyà àpótí náà ti já tipẹ́. Nígbà tí Sìdíkátù ṣí i láti ya inú rẹ̀, eruku ló bá níbẹ̀, àti egungun ọmọńlé kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí gbàǹjo máa parí, oníbàárà kan ti dárúkọ iye tó ju èyí tí Pá Festus dá lé e lọ. Sìdíkátù ń ṣe àlùwàlá Àsárì lọ́wọ́. Àdúgbò dákẹ́ lójijì, títí kan jẹnẹrétọ̀. Àpótí náà wúkọ́ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Sìdíkátù. Mi ò tà á mọ́."

Omi tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò kán.

Ó pe nọ́ńbà Pá Festus. Olúgbénga, ọmọ bàbá náà, ló gbé e.

"Màmá alágbàtà, bàbá kú láàárọ̀ yìí. Ẹ ṣáà bá wa ta nǹkan yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Owó ìsìnkú la ń wá."

Sìdíkátù jókòó ti fóònù. Bó bá tà á, ó ti yẹ àdéhùn. Bí kò bá tà á, ó ti gba owó ìsìnkú lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Kí àkókò tó pé, ó yọ ọjà náà kúrò lórí gbàǹjo, ó sì ránṣẹ́ sí Olúgbénga pé bàbá rẹ̀ ló ní kí òun má tà á.

Lọ́jọ́ kejì, Olúgbénga dé.

"Ẹ ní bàbá mi ló ní kí ẹ má tà á. Ìgbà wo?"

"Lánàá, lọ́wọ́ Àsárì."

"Àárọ̀ ni wọ́n kú, màmá."

"Mo mọ̀."

Olúgbénga rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ kò dùn. "Wọ́n ní alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Òkú ni tiyín ń bá ná ọjà. Owó tí oníbàárà yẹn dárúkọ, ẹ jẹ wá."

"Ẹ gbé àpótí yín."

"Ẹ fi ṣe oúnjẹ jàre. Owó ni mo wá gbà."

Bí oṣù bá ti parí ni Olúgbénga máa ń pè, tó ń béèrè gbèsè yẹn. Sìdíkátù a máa dáhùn pé òun kò jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́ nínú yàrá tí àpótí náà wà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa ń jáde sí kó tó sọ ọ́, á sì pa ilẹ̀kùn dé. Títí di òní, kò tíì san kọ́bọ̀.