Ìdọ̀bálẹ̀ Inú Ṣọ́ọ̀bù Búláńkẹ́ẹ̀tì

Òórùn kẹrosíìnì ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí ilé náà ní Yeoville, ní Joburg, kí ẹnikẹ́ni tó kí mi. Oṣù keje ni, ìgbà òtútù tiwọn, nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ tiwa nílé. Sítóòfù kan tó ń jó láàárín ilé ìdáná ni gbogbo ohun tí wọ́n fi ń lé òtútù. Òórùn rẹ̀ dàpọ̀ mọ́ ti epo pupa àti ẹja gbígbẹ tí wọ́n ń rà ní Rockey Street, ó wọ aṣọ, ó wọ irun, ó wọ ìwé. Yunifásítì kan ní Auckland Park ló gbà mí fún sáà kan péré gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ pàṣípààrọ̀, mo sì máa ń rò ní kíláàsì pé àwọn tó jókòó tì mí ń gbọ́ òórùn ilé náà lára mi. Títí di òní, bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń ta kẹrosíìnì, mo máa ń gbé apá aṣọ mi sí imú.

Obìnrin Ìjẹ̀ṣà ni ìyá onílé wa. Ọmọ Zulu lọkọ rẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ọmọbìnrin tó wà nílé-ìwé girama, Gẹ̀ẹ́sì ló sì máa ń fi dáhùn gbogbo Yorùbá tí ìyá rẹ̀ bá sọ sí i. Ojúlùmọ̀ bàbá mi kan ló bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní yàrá. Ìwọ ọ̀rẹ́ mi ará Èkó mọ̀ pé ìyá àgbà mi ní Iléṣà ló tọ́ mi. Ìdọ̀bálẹ̀ tirẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹ̀yin ará Èkó ń ṣe, kí èèyàn tẹ̀ díẹ̀ kó fi ìka kan ilẹ̀. Àyà gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Bí mo ṣe wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gbé àpò sílẹ̀, mo na gbalaja sórí táìsì ilé ìdáná tó tutù bíi yìnyín. Nígbà tí mo gbójú sókè, obìnrin náà ń fi etí ìró nu ojú.

"Dìde, ọmọ Obòkun," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti rántí pé àgbà ni mí."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń retí rẹ̀ láràárọ̀. Á nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, á dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Bí mo bá ń kánjú, á wúkọ́. Nígbà mìíràn á pe ọkọ rẹ̀: "Wá wo bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn lọ́dọ̀ tiwa." Ọkọ á mi orí, á ní, "Shap," ìyẹn ni pé ó dáa. Ọmọ wọn á máa rẹ́rìn-ín pé mo tún ti bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá mi. Bí mo bá kí ìyá náà dáadáa, ẹran tó tóbi jù ló máa ń wà nínú abọ́ mi. Mo rò pé mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìlú náà.

Ohun tí n kò mọ̀ ni iṣẹ́ tí ìyá onílé wa ń ṣe. "Mo ń lọ ìgboro," ohun tó máa ń sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kàn ṣàkíyèsí pé bó bá ti ṣí géètì báyìí, Yorùbá tán lẹ́nu rẹ̀. Mo rò pé ìkánjú ni.

Ìlú gbóná lákòókò yẹn. Wọ́n ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn àjèjì kiri, àwa akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kìlọ̀ fún ara wa. Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìbàdàn, tó ti lo ọdún díẹ̀ ní ọgbà yunifásítì náà, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Má gbé fóònù nínú takisí," ó ní. "Bí wọ́n bá bá ẹ sọ̀rọ̀, rẹ́rìn-ín. Ẹnu ẹ ni ìwé ìrìnnà ẹ níbí." Mo ṣọ́ ẹnu mi. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣọ́ orúnkún mi.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, òtútù mú mi dé eegun, mo wọ takisí lọ sí àárín ìgboro láti ra búláńkẹ́ẹ̀tì. Mo bọ́ sílẹ̀ nídìí iná ojú pópó, èyí tí wọ́n ń pè ní róbọ́ọ̀tì, mo sì wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí wọ́n ti to búláńkẹ́ẹ̀tì kan òrùlé. Èrò kún ibẹ̀. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé kan náà ni gbogbo àwọn obìnrin tó ń tajà wọ̀. Ọ̀kan lára wọn yíjú padà: ìyá onílé wa ni.

Ṣé o mọ bó ṣe máa ń rí lára, kéèyàn rí ojú kan tó mọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ojú tí kò mọ̀? Ó ti jáde nílé kí n tó jí láàárọ̀ yẹn, n kò tíì kí i, èyí sì ti ń jẹ mí lọ́kàn láti òwúrọ̀. N kò ronú rárá. Mo na gbalaja sílẹ̀ láàárín ọ̀nà.

"Ẹ káàsán mà, Mọ́mì."

Àwọn oníbàárà yíjú sí wa. Obìnrin àgbàlagbà kan tó dúró tì í bi í ní nǹkan ní èdè Zulu. Ìyá onílé wa wò mí bí ẹni tó ń wo omi ìdọ̀tí tó ṣàn wọlé. "Angimazi," ó ní. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ìwọ̀nba tí ọmọ rẹ̀ ti kọ́ mi: mi ò mọ̀ ọ́n. Ó tún un sọ, ó sọ ọ́ sókè sí i. Lẹ́yìn náà ló fi Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò jọ èyí tó ń sọ nílé pe gáàdì. "Ẹ wo inú báàgì ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọ̀kan á sùn sílẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè máa wò ó, àwọn yòókù á máa kó ọjà lọ."

Mo fẹ́ dìde. Gáàdì fi bàtà tẹ̀ mí lẹ́yìn mọ́lẹ̀. "Dúró síbẹ̀," ó ní. "Ṣebí ilẹ̀ lo fẹ́." Wọ́n da báàgì mi sílẹ̀. Obìnrin kan gbé aṣọ òtútù mi sí imú, ó ní, "Òórùn makwerekwere," orúkọ tí wọ́n fi ń bú àwa àjèjì. Oníbàárà kan tí mi ò mọ̀ rí gbá mi létí bí ẹni tó ń pa ẹ̀fọn. Wọn kò rí ọjà kankan lọ́wọ́ mi, ìyẹn ò sì dá wọn dúró. Gáàdì ní kí n nawọ́ sí màmá mi nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Mo ní kò sí níbẹ̀. Ó fa ọrùn ẹ̀wù mi, ó mú mi dé iwájú ìyá onílé wa, ó ní kí n sọ fún un lójú koro.

"Ẹ̀yin kọ́ ni màmá mi," mo ní.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìyá onílé wa ló ròkè jù. Ó yí padà sídìí búláńkẹ́ẹ̀tì tó ń ká.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo padà sí Yeoville, nítorí pé n kò ní ibòmíràn. Ìyá onílé wa ń tẹ ẹ̀bà. Nígbà tó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó dúró ṣánṣán, ó ń retí. Mo dọ̀bálẹ̀. Etí mi ṣì ń hó.

"Káalẹ́, ọmọ Obòkun," ó ní. "Jókòó, jẹun."

Ẹran tó tóbi jù wà nínú abọ́ mi. Ó jẹ́ kí n jẹun tán. "Bí ilẹ̀ bá mọ́, kó ẹrù ẹ," ó ní. "Wọ́n ti mọ ojú ẹ. Orúkọ ọkọ mi ni mò ń jẹ́ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé mo ti ibì kankan wá. N kò fẹ́ kí ẹnì kan rí ẹ ní géètì mi."

"Níbo ni kí n lọ, mà?"

"Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ."

Mo wo ọkọ rẹ̀. Abọ́ rẹ̀ ló ń wò. Mo bi obìnrin náà pé kí ni mo ṣe fún un.

"O ò ṣe mí ní nǹkan kan," ó ní. "O kí mi ni."

Orí ilẹ̀ yàrá ọmọ Ìbàdàn yẹn ni mo sùn títí sáà fi parí. Nígbà tí mo ròyìn fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "O dọ̀bálẹ̀ ní Joburg? Kí ló dé tí o ò kúkú ki oríkì ẹ̀ mọ́ ọn?"

Lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ìròyìn gbé mi padà sí ìlú náà, mo sì wá ọmọ ìyá onílé wa kàn. Ó ti wọ yunifásítì. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, ohun tó sọ sì nìyí: "Eish, wọn ò sọ fún ẹ? A kì í kí Mama nígboro. Èmi gan-an kì í kí i. Ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ pariwo, wọn kì í bi í ní nǹkan." Mo bi í pé ṣé iṣẹ́ ò bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. "Rárá o. Wọ́n fi í ṣe olórí àwọn tó ń tajà. Wọ́n ní ojú ẹ̀ tètè máa ń rí olè." Ó tún ní: "Ó máa ń sọ̀rọ̀ ẹ. Ó ní kò tíì sẹ́ni tó kí òun báyẹn látìgbà tí o ti lọ."

Mo gbé ẹ̀rí rẹ̀ yẹ̀ wò bí a ti ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́ wa. Ó bọ́gbọ́n mu. Bí obìnrin náà bá dá mi lóhùn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n lu àwa méjèèjì. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kó rẹ́rìn-ín.

Ẹlẹ́rìí tí mo gbà gbọ́ jù ni ìyá àgbà mi. Lọ́jọ́ tí mo dé sí Iléṣà lẹ́yìn sáà náà, orí àga ni mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kí n mọ àwọn tó ń wò mí. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ̀ díẹ̀. Ọwọ́ mi ò kan ilẹ̀.

Ó wò mí títí. "Ṣé wọ́n ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ lọ́hùn-ún ni?"

"Rárá, mà."

"Kí ni wọ́n wá ṣe fún ẹ?"

Mo gbé àpò mi, mo wọlé. Ohun tí mo mọ̀ báyìí ni pé ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ kì í rí ojú ẹni tó ń kí. Ilẹ̀ ló ń wò. Láti ọjọ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn, ojú ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, ojú gbogbo èèyàn, kí n tó mọ ohun tí màá fi ara mi ṣe. Ó sọ mí di oníròyìn tó mọṣẹ́. Ìyá àgbà mi sì kú láì tún rí àyà mi nílẹ̀.