Iná Pupa Tí Ó Ń Tàn Lórí Òkè Inísà

Èmi kì í ṣe ẹni tí ń fi irọ́ ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ojú mi ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe, ọ̀sán gangan sì ni, kì í ṣe òru tí ẹnì kan lè ní oorun ni ó ń kùn mí.

Bàbá mi ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé èrò láti Ìkìrun lọ sí Òkukù. Ní ìgbà ọyẹ́ kan, iná pupa kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í tàn níwájú rẹ̀, iná tí ń kìlọ̀ pé ọ́ìlì kò dé inú ẹ́ńjìnnì. Kì í tàn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè tí ó wà kí a tó dé Inísà nìkan ni í tàn. Bí a bá ti gorí òkè tán, yóò kú.

Bùọ̀dá Lásísì, mẹkáníìkì tí ó fẹ́ fẹ́ Sìfáwù ẹ̀gbọ́n mi, tún un ṣe títí ó fi sú u. Bàbá wá fura sí i.

"Ó ti yọ ojúlówó pọ́ńpù tí ń fa ọ́ìlì nínú ọkọ̀ mi, ó fi àlòkù sí i. Olè kò ní fẹ́ ọmọ mi láéláé!"

Ẹ̀gbọ́n mi sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Kí n má purọ́, èmi náà fura sí Bùọ̀dá Lásísì, nítorí ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ jù.

Ní Sátidé kan, ó wá bẹ Bàbá. "Ẹ jẹ́ kí á jọ gun òkè náà. Bí ọ́ìlì bá dín, tí imú ọkọ̀ sì kọjú sókè, ọ́ìlì a ṣàn sẹ́yìn, pọ́ńpù a máa fa afẹ́fẹ́. Bí ó bá kún tí iná ṣì tàn, ẹ lé mi."

"Lílé nìkan kọ́. N ó fà ọ́ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́."

Bùọ̀dá Lásísì fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ lójú wa. Ọ́ìlì kún dé àmì. Bàbá ń wa ọkọ̀, Bùọ̀dá Lásísì jókòó tì í, èmi nìkan ni mo wà lẹ́yìn.

A bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Iná tàn.

"O rí i?" ni Bàbá wí. "Àna olè!"

Jígí tí a fi ń wo ẹ̀yìn ni Bùọ̀dá Lásísì tẹjú mọ́. Nígbà náà ni tìmùtìmù ẹ̀gbẹ́ mi rọra rì wọlẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá jókòó. Ẹ gbà mí gbọ́, n kò rí ẹnikẹ́ni. Òórùn ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sómi ni mo gbọ́.

"Bàbá," ni Bùọ̀dá Lásísì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹnì kan jókòó ti ọmọ yín."

Bàbá kò wẹ̀yìn. Kò bèèrè ẹni tí ó jẹ́.

Bí a ti gorí òkè, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dún kọ́. Tìmùtìmù gbéra sókè. Iná kú.

"Ṣé wọ́n ti sọ̀?" ni Bàbá bèèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ bá mi wò ó. "Ẹnì kan" ni Bùọ̀dá Lásísì wí. Kò sọ pé àgbàlagbà ni. Ta ni Bàbá mi mọ̀ níbẹ̀ tí ó fi ní "wọ́n"?

Ọjọ́ kejì gan-an ni Bàbá ní kí ẹbí Bùọ̀dá Lásísì wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín níwájú Bàbá mọ́, kò sì tíì sọ ohun tí ó rí nínú jígí fún mi títí di òní. Bàbá ṣì ń gba ọ̀nà náà. Iná náà ṣì ń tàn.

Nítorí náà, bí iná ọ́ìlì bá tàn nínú ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ nígbà tí ó ń gun òkè, ẹ ní kí wọ́n wọn ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá kún, ẹ má ṣe wẹ̀yìn. Ojú ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ ni kí ẹ wò; òun ni ó mọ ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn.